Láti Iwájú Àwòrán dé Inú Ẹ̀rọ: Ẹ̀kọ́ fún Ẹni Tó Fẹ́ràn Eré Ọjọ́ Ọ̀la

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá fún yín lẹ́ẹ̀kan yìí kò sí lára èyí tí olùkọ́ ń kọ́ wa nínú kíláàsì. Inú yàrá kan ní Kawo, níhà àríwá ìlú Kaduna, ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Yàrá náà kò jìnnà sí ibùdókọ̀ tí àwọn èrò Zaria ti ń wọkọ̀. Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé níbẹ̀, a sì dáwó jọ ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí iná sì wà, àwọn ọ̀rẹ́ á dé láti yàrá mìíràn, a ó kó ara wa jọ síwájú rẹ̀, a ó sì máa wo eré àwọn tí ń fi ọkọ̀ rìn láàárín ìràwọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ. Nígbà tí yóò fi padà dé, agbára tó bá wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A gbọ́ ìró kan, a gbóòórùn ohun tó ń jó, kọ̀ǹpútà sì kú. Kì í ṣe eré tí a kò wò parí ló dùn wá jù. Inú kọ̀ǹpútà náà ni ọ̀kan nínú wa kọ iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀ sí, odindi ojú ìwé 62, kò sì ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù tí yóò gbé e fún olùkọ́ rẹ̀. Gbogbo wa ń wo ara wa. Àwa tí a lè ka orúkọ àwọn ọ̀gá inú ọkọ̀ Enterprise ti eré Star Trek láìṣìnà, kò sí ẹnì kan nínú wa tó mọ ohun tó wà nínú àpótí tí a fi ń wo eré náà.

Ìtìjú ọjọ́ yẹn ló bí àpilẹ̀kọ yìí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn àwòrán tí à ń wò pọ̀ ju àwòrán náà lọ. Ẹ̀kọ́ wa pín sí ọ̀nà mẹ́ta: wíwò, títú, àti títọ́jú.

KÍ NI ERÉ ỌJỌ́ Ọ̀LA?

Kí á tó lọ jìnnà, ó yẹ kí á sọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ìtàn àròsọ tí a gbé ka orí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, tí a sì fi ṣe eré orí amóhùnmáwòrán, ni à ń pè ní eré ọjọ́ ọ̀la. Àwọn kan rò pé nǹkan àjèjì gbáà ni. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tó jáde ní ọdún 1938, ti mọ ohun tí à ń pè ní ìrìn àjò lọ sí ibi tí ojú kò rí rí, ó sì ti bá ẹ̀dá abàmì pàdé lójú ọ̀nà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé oògùn àti ọfọ̀ ni ọdẹ gbójú lé, ẹ̀rọ sì ni àwọn ará inú eré ọjọ́ ọ̀la gbójú lé. Oògùn ní ẹni tó ni ín, kì í sì í sọ àṣírí rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ní ìlànà tí ẹnikẹ́ni lè kọ́. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dúró lé.

BÍ Ó ṢE DÉ ILẸ̀ WA

Ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1962, ti ìjọba Àríwá bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín ní Kaduna. Láàárín ọdún mélòó kan sí ìgbà náà ni àwọn eré tí à ń wí yìí bẹ̀rẹ̀ lókè òkun. Ọjọ́ 23, oṣù kọkànlá, ọdún 1963 ni BBC kọ́kọ́ gbé Doctor Who jáde, ìtàn arìnrìn-àjò kan tó ń fi àpótí ọlọ́pàá aláwọ̀ búlúù rin inú àná àti ọ̀la, àpótí tí inú rẹ̀ tóbi ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ọjọ́ 8, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1966 ni Star Trek bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Space: 1999 tẹ̀lé e ní ọdún 1975, ìtàn àwọn tó ń gbé orí òṣùpá nígbà tí òṣùpá náà já kúrò ní ipò rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n fi hàn ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹ bi àwọn òbí yín tó dàgbà sí ìlú ńlá nígbà náà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rántí.

Ohun méjì nínú Star Trek yẹ fún àkíyèsí wa. Èkíní, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Nichelle Nichols, ló ṣe Uhura, ọ̀gá tó wà nídìí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà. Inú ọ̀rọ̀ Swahili tó túmọ̀ sí òmìnira ni wọ́n ti fa orúkọ rẹ̀ yọ. Èkejì, àwọn ará inú ọkọ̀ náà ń fi ẹnu bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ó sì ń dá wọn lóhùn. Láyé ìgbà náà, kọ̀ǹpútà tó pọ̀ jù ṣì tóbi tó yàrá, ilé iṣẹ́ ńlá àti ilé ẹ̀kọ́ gíga nìkan ló sì lágbára láti ní in. Ẹni tó bá wo eré náà tán, tó fẹ́ ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sínú ilé, kò sí ibi tí yóò ti rà á. Ó di dandan kí àwọn kan kúrò lórí àga, kí wọ́n lọ ṣe é.

ÀWỌN TÓ KÚRÒ NÍ WÍWÒ, TÍ WỌ́N BỌ́ SÍ ṢÍṢE

Ní ọdún 1962, Steve Russell àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà ṣe eré kan tí wọ́n pè ní Spacewar! sórí kọ̀ǹpútà PDP-1. Ọkọ̀ òfúrufú méjì ló ń bá ara wọn jà nínú rẹ̀. Ìwé ìtàn òfúrufú tí E. E. Smith kọ ni wọ́n ń kà nígbà náà, òun ló sì fún wọn ní èrò náà. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n ṣe é.

Ní ọdún 1971, akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama kan, Mike Mayfield, fi èdè kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní BASIC kọ eré Star Trek. Kò sí àwòrán níbẹ̀. Lẹ́tà àti àmì ni kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ jáde láti fi ọkọ̀ àti ọ̀tá hàn. David Ahl tẹ eré náà sínú ìwé ní ọdún 1973. Ẹni tó bá ra ìwé náà ní láti jókòó kó máa tẹ̀ ẹ́ wọlé ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ṣi àmì kan ṣoṣo tẹ̀, eré náà kò ní ṣiṣẹ́, àfi kó padà wá ibi tó ti ṣìnà. Ibi tí wọ́n ti ń wá àṣìṣe yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti di ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà lò.

Oṣù kìíní ọdún 1975 ni ìwé ìròyìn Popular Electronics gbé Altair 8800 sí ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹ̀yà rẹ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá rà á, yóò sì jókòó tò ó fúnra rẹ̀. Kò ní ojú àwòrán, kò ní bọ́tìnnì lẹ́tà, bí kò ṣe ìtanná kéékèèké àti gílóòbù tí ń tàn tí ń kú. Ibi ìrántí rẹ̀ kò lè gbà ju 256 lẹ́tà lọ. Ìpínrọ̀ tí ẹ ń kà yìí kò lè wọ inú rẹ̀ tán. Síbẹ̀, ní oṣù kẹta ọdún kan náà, àwọn tó nífẹ̀ẹ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ọ̀kan nínú wọn ní California. Steve Wozniak wà lára wọn, àwọn ni ó sì kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà tó ṣe hàn, èyí tó di Apple àkọ́kọ́ ní ọdún 1976. Ẹ kíyè sí i pé ẹgbẹ́ lásán ni, irú ẹgbẹ́ tí àwa náà ń ṣe nínú ọgbà. Ohun tí ẹnì kan bá mọ̀ ni yóò fi han àwọn yòókù.

Ẹ̀RÍ LÁTI KADUNA

Ẹnì kan lè sọ pé, ‘Amẹ́ríkà nìyẹn, ibẹ̀ ni iná kì í ti í lọ.’ Ẹ jẹ́ kí á wá sílé. Ní ọdún 2019, ìròyìn àwọn ọ̀dọ́ kan ní Kaduna yìí kan náà tàn ká ayé. The Critics Company ni wọ́n pe ara wọn. Fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ni wọ́n fi ń ya fíìmù ọjọ́ ọ̀la, aṣọ aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń ta sẹ́yìn òṣèré, orí YouTube sì ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà. Oṣù méje ni wọ́n fi ṣe Z: The Beginning, fíìmù tí kò ju bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń falẹ̀ àti iná tó ń lọ ló fa ìdíwọ́ fún wọn. J. J. Abrams, tó darí fíìmù Star Trek ti ọdún 2009, wà lára àwọn tó gbọ́ nípa wọn, ó sì fi ohun èlò ránṣẹ́ sí wọn.

Báwo ni aṣọ aláwọ̀ ewé ṣe ń ṣiṣẹ́? Àmì tótòtó ló para pọ̀ di àwòrán orí kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ àwọ̀ àmì kọ̀ọ̀kan: ti pupa, ti ewé, ti búlúù, láti 0 dé 255. Ewé tó mọ́ kedere ni 0, 255, 0. A ó wá pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé níbikíbi tó bá ti rí nọ́ńbà tó sún mọ́ èyí, kó yọ ọ́ kúrò, kó sì fi òfúrufú tàbí ìlú àlá rọ́pò rẹ̀. A yan àwọ̀ ewé nítorí pé kò sí ẹni tí ara rẹ̀ ní àwọ̀ yẹn. Ẹni tó bá wọ ànkárá aláwọ̀ ewé wá síbi iṣẹ́, orí àti ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni a ó rí.

Kí ló dé tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá fi ń gba ọ̀pọ̀ oṣù? Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Àwòrán 24 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yóò gba àwòrán 14,400. Bí kọ̀ǹpútà kékeré bá ń lo ìṣẹ́jú méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 480 nìyẹn, èyí tí í ṣe 20 ọjọ́ bí iná kò bá lọ rárá. Bí ó bá jẹ́ wákàtí mẹ́fà ni iná ń wà lójúmọ́, ó di 80 ọjọ́. Ọgbọ́n tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń dá ni pé wọn kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kó gbogbo rẹ̀ jọ bíi fíìmù kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwòrán kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ní kó fi pamọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí iná bá lọ lórí àwòrán 5,000, orí 5,000 náà ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá dé.

TÍTÚ: OHUN TÍ A RÍ NÍNÚ ÀPÓTÍ

Kí á padà sí yàrá wa ní Kawo. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a gbé kọ̀ǹpútà náà lọ bá Málàm kan ní àdúgbò, tó ń tún rédíò àti fóònù ṣe. Kò gbà á lọ́wọ́ wa. Ó na irin tí a fi ń tú súkúrù sí wa, ó ní kí á tú u fúnra wa lójú òun. Bí a bá ti fẹ́ fi agbára fa nǹkan, á ní, ‘A hankali,’ ìyẹn ni pé kí á rọra. Àwọn baba wa náà ti sọ bẹ́ẹ̀: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ohun tí a rí nìyí. Àpótí irin kékeré kan wà ní igun, òun ló ń gba iná ilé tó tó 240, tó ń sọ ọ́ di 12, 5 àti 3.3 tí inú kọ̀ǹpútà lè gbà. Pátákó ńlá kan wà tí gbogbo nǹkan so mọ́. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà wà lábẹ́ fáànù. Ìrántí ìgbà díẹ̀ tí à ń pè ní RAM wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun tó bá wà nínú rẹ̀ á parẹ́ bí iná bá lọ. Dísìkì tí à ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí wà lọ́tọ̀, ti inú rẹ̀ kì í sì í parẹ́ nítorí pé iná lọ. Bátìrì pẹlẹbẹ kan sì wà tó ń rántí àkókò. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ń pe ọdún yìí ní ọdún àtijọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tàn án, bátìrì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Eruku ọyẹ́ ti bo fáànù náà débi pé kò lè yí dáadáa. Àpótí tó ń gba iná ló jóná. Málàm kìlọ̀ fún wa pé kí á má ṣe tú àpótí yẹn, nítorí pé iná lè ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ kódà lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò lára iná, ó sì lè ṣe ènìyàn léṣe. Pípààrọ̀ ni à ń pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a yọ dísìkì, a so ó mọ́ kọ̀ǹpútà Málàm, a sì dúró. Ẹni tó ni iṣẹ́ àṣekágbá kò lè wo ojú ẹ̀rọ náà, ẹ̀yìn ló kọ sí i. Nígbà tí fáìlì náà ṣí, a ka nọ́ńbà ojú ìwé rẹ̀ fún un sókè: 62. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

A ti ní kọ̀ǹpútà yẹn fún ọdún kan ààbọ̀. Ìṣẹ́jú 40 ni ó gbà wá láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

TÍTỌ́JÚ: Ẹ̀KỌ́ LÁTI JOS

Orí ló yọ akẹgbẹ́ wa, kì í ṣe ọgbọ́n. BBC pàápàá kò rí irú orí bẹ́ẹ̀ ní. Láàárín àwọn ọdún 1960 sí 1970, wọ́n ń pa ohun tó wà lórí teepu Doctor Who rẹ́ kí wọ́n lè tún teepu náà lò, nítorí pé ó wọ́n, wọn kò sì rò pé ẹnikẹ́ni yóò tún béèrè rẹ̀. Nígbà tó yá, apá 106 ni kò sí lọ́wọ́ wọn mọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó pa wọ́n rẹ́, wọ́n ti ṣe ẹ̀dà sórí fíìmù fún títà sí ilẹ̀ òkèèrè, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó rà á.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, BBC kéde pé Philip Morris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń wá fíìmù tó sọnù kiri, ti rí mẹ́sàn-án nínú apá tó sọnù náà ní ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán kan ní Jos. Apá márùn-ún jẹ́ ti The Enemy of the World, mẹ́rin jẹ́ ti The Web of Fear, wọ́n sì ti ṣe eré méjèèjì láti ọdún 1967 sí 1968. Orí pẹpẹ ni àwọn agolo fíìmù náà wà. Ohun tí London sọnù, ìlú Jos ló bá wọn tọ́jú rẹ̀. Apá kẹta The Web of Fear kò sí nínú ohun tí wọ́n rí gbà, torí náà eré yẹn kò pé síbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rọrùn. Ẹ̀dà kan kì í ṣe ẹ̀dà. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé ni pé kí iṣẹ́ ẹni wà ní ọ̀nà mẹ́ta, sórí oríṣi ohun ìkópamọ́ méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan sì wà ní ibòmíràn tó jìnnà sí ilé. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó, ó lè jẹ́ inú kọ̀ǹpútà, orí fláṣì tó wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ní yàrá mìíràn, àti inú ímeèlì ara ẹni. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù.

Kì í ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní kásẹ́ẹ̀tì nílé: ohùn ìyá àgbà tó ń ki oríkì ìdílé, fídíò ìsìnkú bàbá àgbà, ọdún ìlú tí wọ́n yà. Ara kásẹ́ẹ̀tì ń gbó, ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ ọ sì ń dàwátì. Kò sí Jos kankan níbi tí ẹnì kan yóò ti bá wa rí oríkì ilé wa. Bí a bá lọ sílé ní ìsinmi yìí, ẹ jẹ́ kí á gbà á sórí kọ̀ǹpútà nígbà tí ó ṣì ń dún.

ÀKÓTÁN

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wo eré mọ́. Wíwò ló ń tanná sí ọkàn. Àwọn ọmọ Kaduna tí a sọ̀rọ̀ wọn wo eré kí wọ́n tó ṣe tiwọn. Ní oṣù kejì ọdún 2024, eré kan tó ń sọ nípa Èkó ọjọ́ ọ̀la jáde lórí Disney+, Iwájú ni wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ wa wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa ti dé ọjọ́ ọ̀la, ó ku kí ọwọ́ wa náà dé ibẹ̀.

Nínú yàrá wa, a ti dá òfin kan sílẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ wá wo eré lọ́jọ́ Sátidé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ hàn wá lórí fláṣì. Àwọn kan bínú lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n ti padà wá báyìí, fláṣì wọn sì ń bẹ lọ́wọ́ wọn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌDÁNWÒ ARA ẸNI

1. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín agbára inú ìwé Fágúnwà àti agbára inú eré ọjọ́ ọ̀la?
2. Báwo ni títẹ eré láti inú ìwé ṣe sọ àwọn ènìyàn di ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà?
3. Bí fíìmù ìṣẹ́jú márùn-ún bá ní àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán mélòó ni gbogbo rẹ̀?
4. Èwo ni iná kì í pa rẹ́ nínú RAM àti dísìkì?
5. Níbo ni ẹ̀dà kejì iṣẹ́ rẹ wà lónìí?